Ọkùnrin Tó Gbin Wọ̀rọ̀wọ́ Sórí Ebè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí bàbá ìyá mi jẹ́, ẹ má ṣe bi àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n ní onírẹ̀lẹ̀ ni. Irọ́ ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé Ìyá Rísí, aládùúgbò rẹ̀, wà níwájú mi lọ́jọ́ náà. Òun àti Bàbá ti jà títí, àfi bíi pé ògiri tó wà láàárín ilé wọn ti mọ ohùn àwọn méjèèjì. Ìyá Rísí yíjú padà, ó wò mí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú yẹn.

Bàbá Oǹdó la máa ń pè é, torí pé Oǹdó ló ń gbé, tí àwa sì wà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, níbi tí Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀ kòkó ni. Ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan. Tó bá ti pinnu nǹkan, ó parí nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí, ẹkún kì í ràn án. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì máa ń bí mi nínú gan-an. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bí a ṣe ń tu ú lójú ni Màmá àgbà, ìyàwó rẹ̀. Bí Bàbá bá ti pàṣẹ, Màmá á dáhùn pé "ẹ ṣeun, Bàbá Démọ́lá," á sì lọ ṣe ohun tó wù ú. Mo bi í léèrè nígbà kan bóyá kì í rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ ló le, ọmọ mi. Etí rẹ̀ ò di."

Èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ Bàbá kó má sọ̀rọ̀ wọ̀rọ̀wọ́. Ẹni tó bá dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa mọ ewé náà. Ó máa ń fà nílẹ̀, ó sì máa ń gun igi tó bá rí. Ewé rẹ̀ ń dán, ọ̀pá rẹ̀ rọ̀, ibi tí òòrùn ò bá ti pa á ló sì fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tó fi ń pọ̀ lábẹ́ kòkó. Nínú oko Bàbá, ọkùnrin ló ni kòkó, obìnrin ló ni ewé abẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin bá ń já kòkó lókè, Màmá àtàwọn obìnrin yòókù á máa gé wọ̀rọ̀wọ́ sínú agbọ̀n nílẹ̀. Gbogbo ayé Bàbá ló fi ń tẹ ewé yìí mọ́lẹ̀ kọjá láàárọ̀, tó sì ń fi í jẹ iyán lálẹ́. Kò béèrè rí bó ṣe ń ti abẹ́ kòkó dé inú abọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí Màmá kú ni ìbéèrè náà wá dé bá a. Oko ti jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, ó ti fi síkàáwọ́ ẹnì kan tó ń bá a mójú tó o. Àwọn ọmọ ń fi oúnjẹ ránṣẹ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé kúlà wá lẹ́yìn ìsìn. Bàbá ń jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀, ó ń rù, kò sì sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó jókòó ti oúnjẹ tí kò béèrè fún, ẹ ó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ó ń fi ṣíbí tú u wò, ó ń dúpẹ́, ó sì ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn tí a ṣe ìrántí ọdún kan Màmá, ẹbí jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Bàbá Tólú, ìyẹn Démọ́lá, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tó ń gbé Èkó, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti ilé Oǹdó pa, kí Bàbá máa bọ̀ lọ́dọ̀ Mọ́mì ní Alágbàká. Yàrá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ò jìnnà, èèyàn á sì máa rí i. Mọ́mì fi tirẹ̀ kún un.

"Bàbá, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún yín níbí?"

"Èmi ni."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀!

"Kí lẹ fẹ́ sè?" Bàbá Tólú ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí ìyá yín máa ń sè. Iṣu wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Màá gbin wọ̀rọ̀wọ́ sẹ́yìnkùlé."

"Wọ̀rọ̀wọ́ kì í gbé ìlú, Bàbá. Abẹ́ kòkó ló ń gbé."

"Abẹ́ kòkó lèmi náà gbé dàgbà. Ìlú ha pa mí bí?"

Mọ́mì ní kò dáa kí wọ́n kàn fi í sílẹ̀, àwọn èèyàn á ní àwọn ọmọ rẹ̀ ò tọ́jú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ohun tí wọ́n máa kó: bẹ́ẹ̀dì, rédíò, àga onírọ̀gbọ̀kú. Bàbá gbọ́ ọ títí ó fi parí, ó wá dìde dúró.

"Ẹrù ni wọ́n ń kó. Èmi kì í ṣe ẹrù." Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ẹ fún mi ní ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹ má sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa wá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé tí ẹ ò bá ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè nínú ìkòkò, màá bá yín lọ, mi ò sì ní sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì bá a, kẹ́nikẹ́ni má tún dá ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ sílẹ̀ nínú ilé mi."

Wọ́n gbà. Wọ́n rò pé kò ní í pẹ́ rárá tó fi máa sú u. Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà sí Àkúrẹ́, Mọ́mì sunkún. Ó ní, "Bàbá mi fẹ́ fi ebi pa ara rẹ̀ lójú mi, nítorí agídí."

Ìsinmi ilé ìwé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bá a, mo sì rí ohun tí mi ò rí rí. Bàbá ti pàṣẹ kí wọ́n fi ọ̀pá wọ̀rọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí òun láti oko. Ó ti fi ọkọ́ ro ẹ̀yìnkùlé, ó sì ti kọ ebè. Ebè ńláńlá, tó tò dáadáa, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ fún iṣu. Orí ṣóńṣó ebè kọ̀ọ̀kan ló wá gún ọ̀pá wọ̀rọ̀wọ́ sí, òòrùn sì ń pa á láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kí ni kí àgbẹ̀ ṣe? Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ kọ ebè, tí ẹ bá fún un ní òdòdó, ebè ló máa kọ fún un.

Ìyá Rísí yọrí lókè ògiri. Aránṣọ ni, okùn téèpù máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ kódà tó bá ń sá aṣọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣu tọdún yìí á ta gan-an ni."

"Kì í ṣe iṣu."

"Kí wá ni?"

"Wọ̀rọ̀wọ́ ni."

Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ gbà mí o! Wọ̀rọ̀wọ́ lẹ gbé gorí ìtẹ́ bí ọba! Bàbá, ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Ibi tútù ló ń fẹ́."

"Ta ló bi ọ́?"

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá ò dá a lóhùn mọ́ tó bá kí i, ó kàn ń gbin bíi màlúù. Ṣùgbọ́n òòrùn ò mọ ìjà. Gbogbo ọ̀pá wọ̀rọ̀wọ́ rọ, wọ́n dúdú, wọ́n gbẹ. Mo dúró tì í láàárọ̀ ọjọ́ tó ń tú ebè náà ká, mo sì ń retí kó sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Ó fi ọkọ́ gbá ebè tó kẹ́yìn dànù, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Ilẹ̀ yìí ló ṣì mí gbọ́."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Ìyá Rísí ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún un. Kòkó ni. Bàbá jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó ń wo ọmọ tó yájú sí i, ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé kòkó náà kì í lè gba òòrùn nígbà tó bá wà ní kékeré. Kí la máa ń ṣe? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń gbìn ṣáájú kó lè ṣíji bò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ló wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, tó sì gbìn wọ́n yí ẹ̀yìnkùlé ká. Kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dàgbà, ó ri òpó, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀ bí àtíbàbà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló wá gbin wọ̀rọ̀wọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ó sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo tún padà wá, ewé ti bo ilẹ̀. Ó mú mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, wò ó. Kòkó ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó mọ̀."

Ó ní òfin lórí ewé náà. A kì í fà á tu. Ọ̀bẹ la fi ń gé e, a sì gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè tún yọ. Èyí tó bá gùn jù, a ó gé ọ̀pá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a ó tún un gbìn. Mo fa ọ̀kan tu lọ́jọ́ kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, torí pé mo ń kánjú. Bàbá wo gbòǹgbò yẹn, ó wo èmi náà. Ó ní, "Ẹni tó bá fà á tu, òun ni kó wá hù sípò ẹ̀."

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì dẹ́kun kúlà. Bàbá ò lè lé wọn, torí pé ọwọ́ Màmá ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wá ọgbọ́n dá. Ilé wa kì í dá abọ́ olóore padà lófìfo. Nítorí náà, kúlà tó bá wọlé, Bàbá á da oúnjẹ inú rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn, á fọ kúlà, á sì rọ wọ̀rọ̀wọ́ kún un títí ìdérí ò fi ní pa dé. Láìpẹ́, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú kúlà òfìfo wá. Inú rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ní, "Ṣé o rí i? Àwọn ni mò ń bọ́ báyìí."

Gbígbìn nìkan kọ́, sísè ńkọ́? Ní tèyí, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kí Ọlọ́run má bàa bínú sí mi. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá Oǹdó sè kò ṣeé jẹ. Ó ti máa ń rí Màmá tó ń fọ ewúro, tó ń fún un, tó ń yọ kíkorò rẹ̀ dànù, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe gbogbo ewé. Ó fún wọ̀rọ̀wọ́ yẹn bí ẹni tó ń fún aṣọ. Ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó tún fún un. Ohun tó kù nígbà tó parí, ẹ ò lè pè é ní ewé mọ́. Ó dà á sínú ata tí epo rẹ̀ ti jóná, ó bu ún fún mi, ó bu ún fún ara rẹ̀. A jókòó. A wo ara wa.

"Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo," ni Bàbá wí, ó sì jẹ tirẹ̀ tán pátápátá. Kò tiẹ̀ fún ajá àdúgbò ní nǹkan kan nínú ẹ̀.

Kò ní pe Mọ́mì láti béèrè, torí pé Mọ́mì ni alátakò. Ẹni tó kù ni Ìyá Rísí, òun àti Bàbá ò sì kí ara wọn. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí Bàbá fi ń rìn lọ rìn bọ̀ létí ògiri, tó ń wúkọ́. Níkẹyìn, Ìyá Rísí ló ṣàánú rẹ̀. Ó yọrí.

"Bàbá, òórùn ọbẹ̀ yín lánàá, ṣé kò sí o?"

"Ọbẹ̀ náà ò gbọ́ tèmi."

"Ẹ̀ ń fún un ni?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"A kì í fún un, Bàbá. Ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro nínú ajọ̀. Ewúro ló ṣẹ̀ yín, kì í ṣe òun."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Rísí ti ń kọ́ ọ láti orí ògiri, tí Bàbá sì ń bá a jà lórí gbogbo rẹ̀. Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Iyọ̀ ò pọ̀. Epo ti jó. Epo ò tíì jó. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń din ata títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí wọ́n tó da ẹ̀gúsí tí wọ́n pò sí i ní kókókó, kí wọ́n má sì ro ó kó tó dì. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí ògìrì wọlé. Ewé ló máa ń dà sí i kẹ́yìn, lẹ́yìn ẹja gbígbẹ, á ro ó lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́ kalẹ̀, kí àwọ̀ ewé má bàa ṣá. Ìyẹn ni ti iyán. Tí kò bá sí ẹni tó máa gún iyán fún un, á se ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, á fi epo, àlùbọ́sà àti ata gígún se wọ̀rọ̀wọ́, á sì bu ú lé e láìsí ẹ̀gúsí rárá. Ìyẹn lèmi fẹ́ràn jù. Ó máa ń dà á sínú ẹ̀wà náà, ó tiẹ̀ bu ú lé ìrẹsì lọ́jọ́ kan, ó sì ní ìrẹsì ló jàǹfààní. Ọjọ́ tí Ìyá Rísí fi ọwọ́ tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ lá lórí ògiri, tí kò rí nǹkan kan sọ, Bàbá wò ó títí. Ó ní, "Sọ ọ́. Ó ti dáa. Sọ ọ́ kí ara tù ẹ́."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹ̀ẹ̀rùn tó le ni, ọyẹ́ ń fọ́ ètè, kànga sì ń lọ sísàlẹ̀. Gbogbo ewé àdúgbò ti gbẹ, wọ̀rọ̀wọ́ ò sì fẹ́ràn ẹ̀ẹ̀rùn rárá. Tó bá kú, ìkòkò á ṣófo, Bàbá á sì máa bọ̀ ní Àkúrẹ́. Kò sí ẹni tó ní láti rán an létí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má da omi tó fi ṣan iṣu nù, omi tó fi fọ ìrẹsì, omi tó fi fọ ewé fúnra rẹ̀. Ó tún gbé òkúta pẹrẹsẹ kan sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń wẹ̀ nídàájí, láìfi ọṣẹ, kí omi ara rẹ̀ lè lọ sídìí ewé. Mo bá a pariwo lórí fóònù pé òtútù á mú un. Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó sì gé fóònù, torí pé kì í fẹ́ kí wọ́n dá òun lóhùn lẹ́yìn òwe.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ, èmi náà wà nínú ọkọ̀. Bàbá Tólú ti wá láti Èkó. Mọ́mì gbé báàgì ńláńlá dání, èyí tí wọ́n máa fi kó aṣọ Bàbá. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè é ní Alágbàká. Ìlẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, kò sì sí Bàbá ní pálọ̀. Mọ́mì lọ tààrà sí ilé ìdáná. Mo tẹ̀ lé e. Ó ṣí ìkòkò.

Ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gúsí rẹ̀ dì dáadáa, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, orí ẹja yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mọ́mì mú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Adùn ọbẹ̀ Màmá ló gbọ́ níbẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ.

Bàbá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún amọ̀. Ó rí báàgì nílẹ̀, ó rí Bàbá Tólú, ó rí ìdérí ìkòkò lọ́wọ́ Mọ́mì. Kò rẹ́rìn-ín. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́ sí i.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Àbẹ̀kẹ́, iṣu wà lórí iná. Wá gún un."

Mo gún un. Gbogbo wa jẹun. Bàbá Tólú fi ìka nu abọ́ rẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bàbá gbé àwọn báàgì náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì kó wọ̀rọ̀wọ́ kún wọn. Ìyẹn la gbé padà sí Àkúrẹ́. Kò sì sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ mọ́.

Bí ó bá ṣe ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí, ǹ bá má kọ nǹkan kan. Agídí pọ̀ nílẹ̀ Oǹdó, tiwa nìkan kọ́. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Mọ́mì ṣàìsàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan, kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́. Dádì wà níbi iṣẹ́ lókè Ọya, èmi sì wà níbi ìsìnrú ìlú, wọn ò tíì fún mi láyè láti wálé. Mọ́mì sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má sọ fún Bàbá, kó má bàa dààmú. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Mo fura sí Ìyá Rísí.

Mọ́mì ní àárọ̀ ọjọ́ kan lòun gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́nu géètì. Òun fọwọ́ di inú mú, òun rọra lọ síbẹ̀, òun sì rí bàbá òun tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó gbé àpò kan lé èjìká. Ọ̀pá wọ̀rọ̀wọ́ tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì ló wà nínú rẹ̀, àti ọ̀bẹ rẹ̀, àti ògìrì tó ń rùn.

"Bàbá! Ta ló mú yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi."

"Ẹ ní ẹ ò ní wá sí Àkúrẹ́."

"Mo ní ẹ ò ní kó mi wá. Ta ló kó mi? Ṣí géètì, kó o padà lọ dùbúlẹ̀."

Nígbà tí mo ráyè wálé, mo bá a nínú ilé ìdáná wa, ó fi ìró ìyá mi so mọ́ iwájú bí épúróònù. Kò sí ilẹ̀ nínú ọgbà wa, kọnkéré ni gbogbo rẹ̀. Ó ti gbin wọ̀rọ̀wọ́ sínú àwọn bákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti gbó lábẹ́ tánkì omi, níbi tí òòrùn kì í dé. Mọ́mì ò lè jẹ nǹkan kan látìgbà iṣẹ́ abẹ yẹn, ó ní gbogbo nǹkan ń korò lẹ́nu òun. Bàbá din ata kù, ó fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó se ewé náà ní jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú abọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ rẹ̀, tó ń fẹ́ ẹ kó tó gbé e sí i lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́ fúnra mi."

"O ò lè jẹ ẹ́ fúnra rẹ lónìí. Tó bá dọ̀la, ìwọ ló máa jẹ ẹ́. Yanu."

Ó yanu. Ó jẹ ẹ́ tán. Bàbá wà lọ́dọ̀ wa títí Mọ́mì fi ń rìn káàkiri, tó fi padà síbi iṣẹ́. Ó ń fọ abọ́, ó ń bá onílé kejì jà lórí ìdọ̀tí, ó ń bomi rin bákẹ́ẹ̀tì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Mọ́mì kọ́kọ́ wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí sẹkitéríátì, Bàbá dúró títí ọkọ̀ fi yà, ó wọlé, ó gbé àpò rẹ̀. Mo ní kó dúró, kí Mọ́mì dé, kí wọ́n jọ dágbére. Ó ní, "Ara rẹ̀ ti yá. Àlejò tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó lọ, ẹrú ló fẹ́ dà." Ó rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Oǹdó, mo sì gbé àpò náà tẹ̀ lé e, mo ń bínú, mo ń sunkún.

Nínú òjò ọdún yẹn ló kú, lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá Rísí ló kan ìlẹ̀kùn láàárọ̀ tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀, òun náà ló pè wá. A ti dé Oǹdó, a ti wà nínú yàrá rẹ̀, nígbà tí Bàbá Tólú pè láti Èkó. Ó ń sunkún. Mọ́mì gbé fóònù náà sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Àwa la jẹ̀bi," Bàbá Tólú ní. "Agídí rẹ̀ la tẹ̀ lé. Ká ní a ti gbé e wá sí Àkúrẹ́ látijọ́, kò ní dá kú báyìí. Ì bá ti rí ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀."

Mo rò pé Mọ́mì yóò gbà, torí pé òun náà ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó na ọwọ́, ó gbá eruku kúrò lórí ìrọ̀rí Bàbá.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "nígbà tí mi ò lè dìde nílẹ̀, ta lẹ rò pé ó tọ́jú mi?"

Mọ́mì ní kó rọra máa bọ̀, kó má sáré lójú ọ̀nà. Ó pa fóònù, ó sì ní kí n wá bá òun wá aṣọ tí a ó fi wọ bàbá òun.